Bí Mo Ṣe Di Àlejò Pàtàkì Nílé Ìyá Ibà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi ọkọ́ yín ti ìdí igi, kí ẹ jókòó síbi tí òòrùn kò ti ní pa yín. Iṣẹ́ gọ́tà tí a ṣe láti àárọ̀ ti tó. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá láti Abà Ìdí-Ọsàn, tí ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tí a ṣe tí ibà kò fi pa ọmọ wa mọ́, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Èmi Ọdẹ́gbàmí, ọdẹ Abà Ẹlẹ́rẹ̀, èmi tí mo pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró tí ẹkùn sì ní òun gbàgbé nǹkan sílé, èmi náà ni mo fẹ́ sọ fún yín bí mo ṣe jẹ́ òmùgọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Gbogbo ọdẹ ló máa ń ròyìn ẹran tó pa. Ẹni tó bá lè ròyìn èyí tó ta tí kò bà, òun gan-an ni kí ẹ fetí sí.

Láyé ìgbà yẹn, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló máa ń tẹ̀ lé e ní abà yìí. Ara ọmọ á gbóná, á máa gbọ̀n, á máa bì, kó tó di ọjọ́ kẹrin ìyá rẹ̀ ti di ẹni tí à ń bá dárò. A sì ní àṣà kan. Bí ọmọ bá kú, a kì í fọ́ ìkòkò àgbo rẹ̀, a kì í sì í da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyá rẹ̀ á fi ẹfun fa ìlà méjì sí ìkòkò náà lọ́rùn, á gbé e sẹ́yìn ilé, á kọjú rẹ̀ sókè, kí ọmọ náà lè rí omi wẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ padà wá. Òjò ló ń pọn omi sínú rẹ̀. Ẹni tó bá da irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ dé, wọ́n ní ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà nìyẹn. Ilé kan wà tó ní márùn-ún. Lẹ́yìn ilé tèmi, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, ti Àkàngbé ọmọkùnrin mi, tó ti kú láti ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn.

Àwẹ̀ró ọmọbìnrin mi ní méjì. Ọmọ méjì ló bí, méjèèjì ni ibà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó tún lóyún, oyún náà ti pé oṣù mẹ́fà, òjò sì ti ń ṣú. Ó wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan níbi tí mo ti ń nu ìbọn mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ pa ẹkùn. Kí ló dé tí ẹ kò lè pa ohun tó ń pa ọmọ mi?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, orí ọmọ méjì sì ti wọ́ lójú mi. Mo wọ aṣọ ọdẹ mi, mo ki ìbọn, mo ní n ó lọ bá Ìyá Ibà nílé rẹ̀, èmi tàbí òun, ẹnìkan á sùn síbẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Oṣù kan ṣáájú, nọ́ọ̀sì kan ti wá sí abà wa. Títílọlá ni orúkọ rẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní oríta ló ti gun ọ̀kadà wá. Ó gbé nẹ́ẹ̀tì wá fún olúkúlùkù ilé, ó ní kí ọmọ àti aboyún máa sùn sábẹ́ rẹ̀. Ó tún rí àwọn ìkòkò ẹ̀yìn ilé wa, ó ní kí a da omi inú wọn nù, pé inú rẹ̀ ni yànmùyánmú ń yé sí, yànmùyánmú ló sì ń gbé ibà. Inú bí mi! Mo dìde, mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ ta ni ọ́, tí o fi fẹ́ wá da òkú wa dé?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Omi ni mò ń bá wí, kì í ṣe òkú."

Mo ní kó máa lọ kí n tó ka mẹ́ta. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Nẹ́ẹ̀tì tó fi sílẹ̀, àwọn kan fi pẹja. Èmi fi tèmi sọgbà yí tòmátì mi ká kí adìẹ má baà jẹ ẹ́. Tòmátì náà so dáadáa, mi ò ní parọ́.

Ó dára. Mo wọ igbó. Ọjọ́ mélòó ni mo rìn, ẹ má bi mí. Ẹni tó ń ka ọjọ́ kì í ṣe ọdẹ. Igbó tí mo kọ́kọ́ bá ni Igbó Agbọ̀nrìrì. Gbogbo igi inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n láìsí afẹ́fẹ́. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ méje, òtútù á mú mi débi pé eyín mi á máa lu ara wọn. Bí mo bá tún gbé méje mìíràn, ooru á bò mí, òógùn á kán wọ bàtà mi. Ọdẹ mẹ́tàlá tó ti wá ṣáájú mi ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, egungun wọn náà ò yéé gbọ̀n. Lẹ́nu ibodè, iwin kan jókòó tó da aṣọ ìbora mẹ́sàn-án borí, síbẹ̀ tó ń gbọ̀n, kùmọ̀ irin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kígbe pé, "Ta ni ìwọ, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara? Kùmọ̀ yìí kò tíì jẹun lónìí!"

Mo fọwọ́ lu àyà, mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́gbàmí! Èmi ni mo ta ìbọn lẹ́ẹ̀kan tí ìgalà méjì kú, ọ̀kan fún ọta, ọ̀kan fún ìpayà! Abà Ẹlẹ́rẹ̀ ni mo ti wá!"

Bó ti gbọ́ Abà Ẹlẹ́rẹ̀, ó ju kùmọ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Áà, ẹ̀yin ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá. Ṣé kí n gbé àpò yín?"

Ṣé ẹ rí i? Orúkọ mi ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ iwin. Mo gbé orí sókè, mo kọjá, mo tilẹ̀ jẹ́ kó gbé àpò náà fún mi díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lọ o. Ejò olórí méjì tó dábùú ọ̀nà yà fún mi. Ọmọ-ogun eérú tó ń ṣọ́ afárá fi ìbọn wọn júbà. Gbogbo wọn ni wọ́n ń béèrè ibi tí mo ti wá, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń tẹríba. Mo wá ń rò ó pé bóyá ni mo tilẹ̀ ní láti ta ọta kankan.

Ní ìkẹyìn mo wọ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Aṣààbọ̀. Ní ìlú yìí, kò sí ohun tí wọ́n ṣe tán rí. Ilé wọn kò ní ju ìdajì òrùlé, kànga wọn kò dé omi. Ẹni tó kí mi ní "Ẹ kú" ló ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́. Ara gbogbo wọn sì ń gbóná. Ìyá arúgbó kan tó fi gèlè bo ẹ̀gbẹ́ orí kan pè mí, ó ní kí n já àlọ́ kan fún òun kí òun tó fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní, "Ọdẹ, ẹran wo ni ọdẹ ta, tó wá gbọ́n ju ọdẹ lọ?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Mo ní, "Ìyá, ẹran tí ọta bà tí kò kú ni. Bó bá yè é, kò ní gba ọ̀nà yẹn mọ́, á mọ òórùn ọdẹ, á mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ibà tiwa nìyẹn. Wọ́n fún wa ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìíní ara yá, a fi ìyókù sábẹ́ ẹní. A ta ibà, a kò pa á. Ó ti mọ òórùn wa báyìí." Ó nawọ́ sí ọ̀nà àbàtà, ó ní, "Ilé rẹ̀ ni..." Kò sì parí rẹ̀.

Mo rìn gba inú àbàtà náà títí mo fi dé ààfin tí kò ní òrùlé. Ibẹ̀ ni Ìyá Ibà wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju igi àgbọn lọ, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ sì pọ́n. Àìmọye ọmọ rẹ̀ obìnrin fò yí i ká, wọ́n ń kọrin kan ṣoṣo tí gbogbo yín mọ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ síni létí. Mo gbé ìbọn sí èjìká. Mo ní, "Ìyá Ibà, òní lọjọ́ rẹ!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kúnlẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, onílé wa. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá kí bàbá tó fún yín nílé!" Gbogbo wọn sì bà lé mi lápá, wọ́n ń dúpẹ́.

Mo ní, "Èmi? Onílé ta ni mo jẹ́?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n pa á lálọ̀ọ́ fún yín, ọdẹ ọlọ́gbọ́n. Ìkòkò mi kò sí nílé mi, ẹ̀yin lẹ bá mi gbé e kalẹ̀. Èmi kò pọn omi sí i, òjò ló bá mi pọn ọ́n. Mo bímọ sínú rẹ̀ tán, ọmọ tiyín ló ń bọ́ ọmọ tèmi. Kí ni o?"

Mo ro ó títí, mi ò rí i já. Ó bá na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sẹ́yìn. Mo wo ẹ̀yìn ìtẹ́ rẹ̀. Ìkòkò ló tò síbẹ̀, ó lọ súà bí ojú ṣe lè rí i dé, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlà ẹfun méjì lọ́rùn. Mo dá ìkòkò méjì ti Àwẹ̀ró mọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá ń fa ìlà. Mo rí èyí tó tún pẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, ti Àkàngbé mi. Mo bẹjú wo inú rẹ̀. Ìdin yànmùyánmú kún inú omi náà, wọ́n ń jó lọ sókè sódò.

Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá yé mi ìdí tí iwin fi ń dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìgalà méjì. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, èmi ni mo sì ń ṣọ́ ikú ilé náà, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo lé ẹni tó fẹ́ lé e jáde. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ àbàtà yẹn gbé mi mì.

Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí síbẹ̀. Mo fa ara mi le, mo mú ohùn ìjálá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ìyá Ibà. Mo ní òun ni ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ tí í gbé òmìrán ṣánlẹ̀, òun ni àbẹ̀wò tí kì í kan ilẹ̀kùn, òun ni a-mú-jagunjagun-gbọ̀n-lábẹ́-ìbora. Orí rẹ̀ wú, ikùn rẹ̀ wú. Mo ní, "Ẹni ńlá, irú yín kò lè ní èèwọ̀ kankan?"

Ó ní, "Díẹ̀ ni, onílé mi. Omi tí kò dúró, mi ò lè bí sí i. Ọmọ tó bá sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹnu mi kò tó o. Bí wọ́n bá sì yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò kíákíá, tó lo oògùn rẹ̀ tán pátápátá, ọ̀nà mi dí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni n ó bẹ̀rù? Ọmọbìnrin kan gbé gbogbo rẹ̀ gun ọ̀kadà wá bá yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ lé e!" Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín.

Ibi tó yẹ kí n ti dágbére kí n sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nìyí. Ẹ mọ inú mi. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbà. Mo fi ẹsẹ̀ gbá ìkòkò tó wà níwájú mi, omi inú rẹ̀ dànù, ìdin inú rẹ̀ ń japoró lórí ilẹ̀, Ìyá Ibà sì hu igbe kan tó fọ́ mi létí. Mo he ìbọn mi, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bù mí jẹ bí mo ti ń sá, ó sì ké sí àwọn ará Aṣààbọ̀ pé kí wọ́n mú mi. Wọ́n gbá tọ̀ mí tagbáratagbára, wọ́n lé mi dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n padà sílé. Ohun tó yọ mí nìyẹn.

Nígbà tí mo fi máa já sí oríta, ibà ti dá mi gúnlẹ̀. Mi ò lọ sílé. Ilé ìwòsàn ni mo kọrí sí. Nọ́ọ̀sì Títílọlá ń gbálẹ̀ níwájú ilé. Èmi arúgbó tí mo ti pé àádọ́rin ọdún, mo dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo aláìsàn.

Ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó ní, "Háà, Bàbá, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí bú ni?"

Mo ní, "Jẹ́ kí n wà nílẹ̀ kí n fi sọ ọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìwọ gbọ́n, èmi ò gbọ́n."

Ó gún ìka mi, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan, ìlà méjì yọ. Ó ní ibà ni. Ó fún mi ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì ara mi ti le, mo ti ń wo ìbọn mi, mo tilẹ̀ ti ki ìyókù oògùn bọ àpò. Ni mo bá rántí ìyá onígèlè àbọ̀. Mo yọ ọ́ jáde, mo lò ó tán, nọ́ọ̀sì sì gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ padà sí abà.

Mo pe gbogbo abà jọ, mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n gbọ́ ti nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbà. Wọ́n gbọ́ ti oògùn, wọ́n gbà. Nígbà tí mo ní kí a da ìkòkò dé, gbogbo wọn kọ̀. Mo ní kò burú, ilé ọmọ mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo dé ẹ̀yìn ilé Àwẹ̀ró, ó ti jókòó sáàárín ìkòkò rẹ̀ méjèèjì, ó na apá lé wọn.

Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá dà wọ́n dé, níbo ni wọ́n á ti mọ̀ pé mo ṣì ń retí àwọn?"

Mo ní, "Èyí tó wà nínú rẹ ńkọ́? Òun náà ń retí."

Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ da ti Àkàngbé dé ná."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo padà sẹ́yìn ilé mi, gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn ìkòkò náà níbi tí ìyá Àkàngbé, tó ti dolóògbé, fa ìlà sí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọwọ́ mi kọ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú, torí lọ́jọ́ yẹn wọ́n ní ọkùnrin ni mí.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Àwẹ̀ró ni, pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó gbé agbọ̀n ilẹ̀dú kan bọ̀ láti ààtàn. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó mú igbá, ó gbọ́n omi inú ìkòkò náà dà sílẹ̀ tán, ó mú ìṣó, ó dá ìdí ìkòkò náà lu, ó wá ń da ilẹ̀ náà sínú rẹ̀ títí ó fi kún dé ẹnu. Ó gbin gbúre sí i. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Ojú rẹ̀ ṣì wà lókè, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ṣìnà. Omi nìkan ni kò ní dúró."

Nọ́ọ̀sì Títílọlá tí mo rò pé kò lè sunkún, ó yíjú sógiri. Kí òòrùn tó wọ̀, kò sí ìkòkò ẹlẹ́fun tí omi dúró sí mọ́ ní Abà Ẹlẹ́rẹ̀. Àwọn kan gbin gbúre, àwọn kan gbin ewúro. Lọ́jọ́ kejì a bẹ̀rẹ̀ sí í la gọ́tà, a dí gbogbo kòtò tí omi ń dúró sí, mo sì lọ tú nẹ́ẹ̀tì mi kúrò lára tòmátì.

Àwẹ̀ró bí obìnrin. Ó sọ ọ́ ní Málọmọ́. Òjò ọdún àkọ́kọ́ rọ̀, mi ò jẹ́ sùn tán. Èmi ni mò ń ti etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ ẹní wọn. Ara ọmọ náà gbóná lẹ́ẹ̀kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere a ti gbé e dé oríta, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó lo oògùn rẹ̀ tán, ó dìde. Òjò ọdún kejì rọ̀, òjò ọdún kẹta rọ̀. A ò gbé ìkòkò kankan sẹ́yìn ilé. Síbẹ̀ Àwẹ̀ró kò yéé dìde lójú oorun láti fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà, èmi pẹ̀lú sì ń fetí sí i bóyá n ó gbọ́ igbe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin àlejò, mo gbọ́ igbe náà. Mo sáré, mo ṣubú, mo dìde, mo já wọ ilé ìdáná Àwẹ̀ró. Mo bá a tó di ọmọ rẹ̀ létí mú, ọbẹ̀ kún ọmọ náà lẹ́nu títí dé àgbọ̀n. Àwẹ̀ró ń pariwo pé, "Ẹran tí mo tọ́jú fún bàbá rẹ! Gbogbo rẹ̀ pátá! Bàbá, ẹ wá bá mi na olè yìí, ẹ̀yin lẹ̀ ń bà á jẹ́!"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń nu omi lójú. Mo ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ tó bá ti kú kì í jí ẹran jẹ."

Ó wo ọmọ náà. Ó fi etí rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí ìṣasùn, ó yọ ẹran kan tó kù nísàlẹ̀, ó sì fi sí i lọ́wọ́.